Bí A Ṣe Ń Tọpasẹ̀ Ìyípadà Nínú Èrò Onímọ̀ Òye

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo ṣe lórí Paulin Hountondji, onímọ̀ òye (philosopher) ará ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, wó lulẹ̀ lójú mi nítorí ojú ìwé kan ṣoṣo. Fọ́tòkọ́pì ìwé rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń kà ní Kábbà, ẹni tó sì bá mi ṣe é kò fi ojú ìwé tó tẹ̀lé àkọlé kún un, níbi tí wọ́n máa ń tẹ ọdún àti ìtàn ìwé sí. Mo ti gbọ́ lẹ́nu àwọn ẹlòmíràn pé ní 1983 ni ìwé náà jáde. Mo wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ní 1983 ọkùnrin yìí kò gbà pé ìmọ̀ tí àwọn baba wa fi sílẹ̀ jẹ́ ìmọ̀ òye, àti pé nígbà tó fi máa di 1994, ọdún mọ́kànlá péré lẹ́yìn náà, ó ti ronú pìwà dà, ó sì ń pe àwọn ọ̀mọ̀wé wá ṣe ìwádìí lórí ìmọ̀ kan náà. Ìtàn náà dùn létí. Ṣùgbọ́n ìtumọ̀ ni ìwé 1983 jẹ́. Èdè Faransé ni ó fi kọ ọ́, ọdún 1976 ni ó wà lára ìwé Faransé náà, àwọn ohun kan nínú rẹ̀ sì ti kọ́kọ́ jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà àwọn onímọ̀ láti 1970. Ọdún mọ́kànlá tí mo fi ń yangàn di ọdún mẹ́rìnlélógún, ìrònúpìwàdà òjijì tí mo rò pé mo rí kò sì ní ibi tí yóò dúró sí mọ́.

Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún akẹ́kọ̀ọ́ tàbí olùkọ́ tó fẹ́ ṣàlàyé bí èrò onímọ̀ òye kan ṣe ń yí bí ọdún ti ń gorí ọdún, pàápàá ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láti Kábbà, Mọ̀pà, Ìsánlú tàbí Ẹ̀gbẹ̀, tí ilé ìkàwé ńlá jìnnà sí, tó jẹ́ pé fọ́tòkọ́pì àti ohun tó bá rí gbà sórí fóònù lóru tí nẹ́tíwọ̀kì bá dúró ni ó fi ń ṣe é. Òfin kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí gbogbo ohun tó kù rọ̀ mọ́. A kò gbọdọ̀ sọ pé èrò ẹnìkan yí padà títí a ó fi fi hàn pé ìbéèrè kan náà ni ó dáhùn lẹ́ẹ̀mejì, tí ìdáhùn méjèèjì kò sì lè jọ dúró. Ó dàbí ohun tó rọrùn, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn iṣẹ́ tí mo ti bá akẹ́kọ̀ọ́ kà ni kò yege nínú ìdánwò yìí, tèmi náà kò sì yege.

Ọdún mẹ́rin fún ìwé kan

Ẹ mú ìwé nótù, kí ẹ fa ìlà sí i kí ó ní òpó mẹ́rin. Nínú òpó kìíní, ẹ kọ ọdún tí onímọ̀ náà kọ ọ̀rọ̀ náà tàbí tí ó fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Nínú èkejì, ọdún tí ó kọ́kọ́ jáde. Nínú ẹ̀kẹta, ọdún tí wọ́n tún un tẹ̀ pẹ̀lú àtúnṣe. Nínú ẹ̀kẹrin, ọdún tí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí èdè tí ẹ fi ń kà á. Èyí tí ẹ kò bá mọ̀, ẹ fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Ìméfò tí a bá kọ síbẹ̀ lónìí ni a ó gbàgbé lọ́la pé ìméfò ni.

Ẹ ó rí i láìpẹ́ pé òpó kìíní àti èkejì lè jìnnà síra gan-an. Ní 1844 ni Karl Marx, ọ̀dọ́mọkùnrin ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nígbà náà, kọ àwọn àkọsílẹ̀ rẹ̀ lórí iṣẹ́ àti bí òṣìṣẹ́ ṣe ń di àjèjì sí ohun tí ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, ṣùgbọ́n ní 1932 ni wọ́n tó tẹ̀ wọ́n jáde pátá, nígbà tí ó ti kú láti 1883. Àwọn tó ti ń ka ìwé ńlá rẹ̀ ti 1867 láti ọjọ́ pípẹ́ rò pé Marx tuntun ni wọ́n rí, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tí wọ́n ń pè ní tuntun yìí ni ó ṣáájú. Ti Ludwig Wittgenstein, onímọ̀ òye ará Austria, tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwé ńlá rẹ̀ kejì jáde ní 1953, ọdún méjì lẹ́yìn ikú rẹ̀, àwọn àkọsílẹ̀ lórí ìdánilójú tí ó kọ ní apá ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀ sì jáde ní 1969. Ẹni tó bá ń tẹ̀lé ọdún ìtẹ̀wé nìkan yóò kàn máa sọ fún wa pé òkú ń yí èrò padà ni.

Bí kò bá sí ọdún lára ìwé rárá, ẹ wá a nínú ọ̀rọ̀ ìwé náà fúnra rẹ̀. Ká ní ẹnìkan ní ìlú wa mú ìtàn ìlú tí a tẹ̀ sórí pépà wá, tí ó ní bàbá òun ni ó kọ ọ́ ní 1985, tí ẹ sì rí "Ìpínlẹ̀ Kogi" ní ojú ìwé kejì. Ẹ ti mọ̀ pé ọwọ́ kan ojú ìwé yẹn lẹ́yìn oṣù kẹjọ ọdún 1991, nígbà tí wọ́n yọ wá kúrò lára Kwara. Síbẹ̀, ẹ kò tíì mọ̀ pé irọ́ ni ọ̀rọ̀ pé bàbá náà ni ó kọ ọ́, nítorí ó ṣeé ṣe kí ọmọ rẹ̀ kàn ṣe àtúnṣe sí ojú ìwé kan nígbà tí ó ń tẹ̀ ẹ́. Bí a ṣe ń ṣọ́ra pẹ̀lú ìwé bàbá náà ni kí a ṣe máa ṣọ́ra pẹ̀lú ìwé àwọn onímọ̀ òye àtijọ́.

Plato, onímọ̀ òye ilẹ̀ Gíríìsì àtijọ́, kò kọ ọdún sára ìwé rẹ̀ kankan. Ní 1867, Lewis Campbell ti ilẹ̀ Scotland lo ọgbọ́n kan tí mo fẹ́ràn púpọ̀. Kò wo ẹ̀kọ́ tí Plato ń kọ́ni rárá. Irú ọ̀rọ̀ tí ó ń yàn àti bí ó ṣe ń to gbólóhùn rẹ̀ ni ó wò, ó sì rí àwọn ìwé díẹ̀ tí ọ̀nà ìkọ̀wé wọn jọ ti ìwé Plato lórí òfin, èyí tí Aristotle, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, jẹ́rìí sí pé ó jáde lẹ́yìn ìwé lórí ìlú tó dára. Ohun tó mú kí ẹ̀rí yìí lágbára ni pé kò gbára lé ohun tí a fẹ́ fi hàn. Ẹ wá fi wé iṣẹ́ Werner Jaeger lórí Aristotle ní 1923. Ibi tí ọ̀rọ̀ Aristotle bá ti jọ ti Plato, Jaeger a ní ó kọ ọ́ ní ìgbà èwe. Ibi tí kò bá ti jọ ọ́, a ní ìgbà àgbà ni. Lẹ́yìn náà ni yóò wá fi ètò ọdún yẹn ṣe ẹ̀rí pé Aristotle ń kúrò lọ́dọ̀ Plato díẹ̀díẹ̀. Ohun tí ó fẹ́ fi hàn ni ó fi ṣe òṣùwọ̀n láti ìbẹ̀rẹ̀. Púpọ̀ nínú ohun tí a ní lọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ Aristotle sì jẹ́ àkọsílẹ̀ ìkọ́ni, èyí tí olùkọ́ lè máa fi nǹkan kún lọ́dọọdún, tí ojú ìwé kan ṣoṣo yóò fi ní ọ̀rọ̀ ogún ọdún nínú. Èmi kò fi Jaeger ṣe yẹ̀yẹ́ o; òun ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè bóyá Aristotle tilẹ̀ yí padà.

Ìbéèrè ṣáájú ìdáhùn

Ibí ni iṣẹ́ gan-an wà, ibí náà sì ni ọ̀pọ̀ ti ń sáré kọjá. Lábẹ́ ọdún kọ̀ọ̀kan, ẹ fi gbólóhùn kan ṣoṣo kọ ìbéèrè tí ìwé náà ń dáhùn, kí ẹ tó kọ ìdáhùn rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Hountondji.

Ní 1945, Placide Tempels, àlùfáà ìjọ Kátólíìkì ará Bẹ́ljíọ̀mù tó ń ṣiṣẹ́ ní Kóńgò, tẹ ìwé kan jáde tó sọ pé àwọn ẹ̀yà Bantu ní ìmọ̀ òye kan tí gbogbo wọn jọ ń gbé inú rẹ̀, bí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò tilẹ̀ lè là á sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ Áfíríkà gba ọ̀nà yẹn lẹ́yìn rẹ̀. Ìbéèrè Hountondji sí wọn ni pé: èrò tí kò sí ẹni tó dá a lábàá, tí kò sí ẹni tó ń bá a jiyàn, ṣé a lè pè é ní ìmọ̀ òye ní ìtumọ̀ kan náà tí a fi ń pe iṣẹ́ Kant, onímọ̀ òye ará Jámánì, bẹ́ẹ̀? Ìdáhùn rẹ̀ ni rárá. Lójú tirẹ̀ nígbà náà, ìmọ̀ òye Áfíríkà ni àkójọ àwọn ìwé tí ọmọ Áfíríkà kọ, tí àwọn tó kọ wọ́n sì pè ní ìmọ̀ òye. Ó tún fẹ̀sùn kan irú àwọn ìwé bíi ti Tempels pé àwọn òyìnbó ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe àwa tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa wa.

Ní 1994, ó kó iṣẹ́ àwọn olùwádìí mélòó kan jọ sínú ìwé tí CODESRIA, àjọ tó ń rí sí ìwádìí ìmọ̀ àwùjọ ní Áfíríkà, tẹ̀ jáde ní Dakar, lórí ìmọ̀ tó ti inú àwùjọ wa fúnra rẹ̀ jáde: ìṣirò, irin rírọ, ìtọ́jú aláìsàn, àti Ifá, tí àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ ń pè ní Fá. Ìbéèrè ìwé yẹn ni pé: báwo ni a ṣe lè gba ìmọ̀ wọ̀nyí padà, kí a dán wọn wò, kí a sì so wọ́n mọ́ ìwádìí tó wà láàyè lónìí, kí wọ́n má kàn di ohun tí a tò sí ẹ̀gbẹ́ kan?

Ẹ gbé ìbéèrè méjèèjì kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. "Ṣé ìmọ̀ òye ni?" yàtọ̀ sí "Kí ni ká fi ṣe?" Ẹnìkan lè dáhùn rárá sí ti àkọ́kọ́ kí ó sì fi tọkàntọkàn gba èkejì wọlé, láìtako ara rẹ̀. Ẹni tó bá ní agbẹ̀bí abúlé kì í ṣe dókítà kò tíì sọ pé kò mọ nǹkan kan. Ìgbà tí mo wá rí èyí ni mo tó rí okùn tó so ìwé méjèèjì pọ̀, ìyẹn ẹ̀sùn pé ìmọ̀ ní Áfíríkà kọjú síta. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn onímọ̀ òye tó ń kọ̀wé fún Yúróòpù ni ó fi ẹ̀sùn náà kàn. Nígbà tó yá, ó mú un gbòòrò dé gbogbo ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, ó sì fi í wé ọrọ̀ ajé ìgbà ìjọba amúnisìn, nínú èyí tí ohun tí a kò tíì sọ di ọjà ń ti ọ̀dọ̀ wa lọ, tí èyí tí a ti sọ di ọjà ń padà bọ̀. Ẹni tí bàbá rẹ̀ gbin koko ní agbègbè yìí, tí ó wá ń ra tíì koko alágolo ní ṣọ́ọ̀bù, kò nílò àlàyé lórí ìyẹn.

Ṣùgbọ́n kí a má wá tìtorí ìyẹn sọ pé ọkùnrin náà kò yí padà rárá, nítorí àṣìṣe kan náà ni, ẹ̀gbẹ́ kejì rẹ̀ ni. Ọláàbíyìí Yáì, ọ̀mọ̀wé èdè Yorùbá tí òun náà jẹ́ ọmọ Bẹ̀nẹ̀, wà lára àwọn tó bu ẹnu àtẹ́ lu ìwé àkọ́kọ́ náà gidigidi. Nígbà tí wọ́n tún ìwé náà tẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì ní 1996, Hountondji kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú tuntun sí i, ó sì dá àwọn alátakò lóhùn níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìṣáájú yẹn ni ó yẹ kí ẹ gbé lé orí ìwé 1976, lórí ìbéèrè kan pàtó: báwo ni ìkọ̀wé ti ṣe pàtàkì tó kí ìmọ̀ òye tó lè wà? Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

Ta ni ó ń bá sọ̀rọ̀?

Ará Kábbà tó ń kí èèyàn ní "ọ̀kun" nínú ọjà, tó ń sọ Yorùbá ìwé fún àwọn akẹ́gbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn, tó sì ń fi Gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀ ní ọ́fíìsì ní Lọ́kọ́ja, kò di ẹni mẹ́ta. Kí ẹ tó sọ pé onímọ̀ òye kan yí ohùn padà, ẹ wádìí bóyá àwọn olùgbọ́ rẹ̀ ni ó yí padà: lẹ́tà sí ọ̀rẹ́, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ nínú kíláàsì, ìwé fún gbogbo ayé. Ẹ kọ orúkọ olùgbọ́ náà sí ẹ̀gbẹ́ ìbéèrè, ó tán.

Nígbà tí onímọ̀ bá jẹ́rìí ara rẹ̀

Kò sí ẹ̀rí tó ń fa ojú akẹ́kọ̀ọ́ mọ́ra bí èyí tí onímọ̀ náà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ. Ní 1783, Immanuel Kant kọ ọ́ pé rírántí ọ̀rọ̀ David Hume, onímọ̀ òye ará Scotland, ni ó jí òun lójú oorun ìgbàgbọ́ tí kò ní àyẹ̀wò. Gbogbo ìwé ẹ̀kọ́ ló ń tún ọ̀rọ̀ yẹn sọ. Ṣùgbọ́n ní 1798, nínú lẹ́tà kan sí Christian Garve, Kant kan náà lo àfiwé oorun yẹn, ó sì ní ohun mìíràn ni ó jí òun, ìyẹn bí ọgbọ́n orí ènìyàn ṣe ń bá ara rẹ̀ jà nígbà tí ó bá ń béèrè bóyá ayé ní ìbẹ̀rẹ̀ tàbí bóyá ènìyàn ní òmìnira. Ọkùnrin kan, oorun kan, ohun méjì tó jí i. Ó ṣeé ṣe kí méjèèjì jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé ọ̀kan nìkan ti jẹ́ kí Kant ọdún 1783 dájọ́ fún Kant ọdún 1798. Ẹ kọ ọdún sí ẹ̀rí pẹ̀lú, bí ẹ ti kọ ọ́ sí ìwé.

Wittgenstein náà jẹ́rìí ara rẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú tí ó kọ ní 1945, ó jẹ́wọ́ pé àṣìṣe ńláńlá wà nínú ìwé òun àkọ́kọ́, èyí tó jáde ní 1921, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Frank Ramsey àti Piero Sraffa, àwọn ọ̀mọ̀wé Cambridge tó bá a jiyàn, ó sì ní òun ti rò ó láti tẹ ìwé àtijọ́ àti tuntun pọ̀, kí a lè fi àtijọ́ rí tuntun. Kò to àwọn àṣìṣe náà lẹ́sẹẹsẹ. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń sọ pé Wittgenstein méjì ni ó wà, tí àwọn mìíràn ń ka mẹ́ta, tí àwọn kan sì takú pé ọ̀kan ṣoṣo ni. Èmi kì í bẹ̀rẹ̀ láti inú àríyànjiyàn yẹn. Ibi tí ìbéèrè kan ti ní ìdáhùn méjì ni mo máa ń wá, ó sì wà níbẹ̀ kedere. Bí mo bá ní ibì kan lára aṣọ pupa bí aṣọ ìpó àwọn Bùnú, mo ti sọ pé ibẹ̀ kò jẹ́ àwọ̀ aró lákòókò kan náà. Nínú ìwé 1921, Wittgenstein gbà pé àwọn gbólóhùn tó kéré jù lọ nínú èdè kì í tako ara wọn, nítorí náà bí àwọ̀ méjì bá ń tako ara wọn, a jẹ́ pé a lè tú wọn sí wẹ́wẹ́ títí àtakò náà yóò fi hàn bí àtakò lásán nínú ọgbọ́n ìrònú. Ní 1929, ọdún tí ó padà sí Cambridge lẹ́yìn tí ó ti ṣe olùkọ́ ọmọdé ní àwọn abúlé Austria, ó tẹ àpilẹ̀kọ kúkurú kan jáde nínú èyí tí ó gbà pé ìtúsíwẹ́wẹ́ yẹn kò ṣeé ṣe fún ohun tó ní ìwọ̀n, bí àwọ̀. Ìbéèrè kan, ìdáhùn méjì tí kò lè jọ gbé, pẹ̀lú ọdún lára méjèèjì. Irú ẹ̀rí yìí ni ẹ máa wá.

Àtúntẹ̀, àti ọ̀rọ̀ ohun tó fà á

Kwame Nkrumah tẹ ìwé ìmọ̀ òye rẹ̀ jáde ní 1964, nígbà tí ó wà lórí oyè ààrẹ Gánà. Àwọn ológun lé e kúrò ní oṣù kejì 1966. Ìwé náà tún jáde ní 1970 pẹ̀lú àtúnṣe. Hountondji fúnra rẹ̀ fi àtẹ̀jáde méjèèjì wéra. Ọ̀nà tí èmi ń gbà ṣe irú iṣẹ́ yìí kò náni lówó: ẹnìkan di àtẹ̀jáde àkọ́kọ́ mú, ẹnìkejì di èkejì mú, a ń kà á sókè ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, níbi tí ẹnu bá ti yà, a fi báírò pupa sàmì síbẹ̀. Ẹ má fi ojú nìkan ṣe é, nítorí ojú a máa rí ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Bí ọ̀rẹ́ kan bá wà tí ó lè fún yín ní alẹ́ méjì, iṣẹ́ tó ń gba oṣù kan yóò parí.

Àmì pupa ń sọ ohun tó yí padà fún wa. Kì í sọ ohun tó fà á. Pé ìfipágbàjọba ṣáájú àtúnṣe kò túmọ̀ sí pé òun ló fà á, àfi bí òǹkọ̀wé bá mẹ́nu kàn án tàbí bí ọ̀rọ̀ tí ó yí padà bá dá lé e lórí.

Lágbègbè tiwa, ọ̀rọ̀ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni mo fi ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ yìí. Nínú ìwé rẹ̀ ti 1947, ó jà fún ìjọba àpapọ̀ nínú èyí tí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan yóò máa darí ọ̀rọ̀ ilé ara rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1950, ẹgbẹ́ rẹ̀ ń béèrè pé kí Yorùbá Ìlọrin àti Kábbà dara pọ̀ mọ́ Ìwọ̀ Oòrùn, ìgbìmọ̀ Willink, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yàn láti wádìí ìbẹ̀rù àwọn ẹ̀yà kéékèèké, kò sì fara mọ́ ọn ní 1958. Ní 1967 tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ méjìlá sílẹ̀, Ìlọrin àti Kábbà ni wọ́n pa pọ̀, Awólọ́wọ̀ sì wọ ìjọba àpapọ̀ ní ọdún yẹn gan-an. Àwọn àgbà kan ṣì ń sọ pé ó yí èrò rẹ̀ padà nípa wa. Ẹ lo òfin wa. Ohun tí ìjọba ṣe kì í ṣe ohun tí ó kọ. Ìwé rẹ̀ ti 1966 lórí òfin ilẹ̀ wa ṣì fi èdè ṣe ìpìlẹ̀ ìpínlẹ̀, ti 1968 náà kò sì yẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti gbòòrò sí i ni ètò ọrọ̀ ajé sosialísíìmù, tó gba àyè tó pọ̀ nínú ìwé 1968 ju ti 1947 lọ. Ìbínú àwọn àgbà lè ní ìdí tirẹ̀ nínú ìtàn òṣèlú, ṣùgbọ́n kò tíì di ẹ̀rí lórí èrò.

Nígbà tí ẹ bá ń kọ ọ́

Ẹ yan ọ̀rọ̀ ìṣe yín pẹ̀lú ìṣọ́ra. Ilé amọ̀ tí bàbá kọ́ ní Kábbà, ọmọ lè fi yàrá kún un, ó lè fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ, ó lè wó o kí ó tún un kọ́, ó sì lè fi sílẹ̀ kí ó lọ máa gbé ibòmíràn. Ó fẹ èrò náà lójú. Ó tún un ṣe. Ó kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ó dákẹ́ lórí rẹ̀. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kì í ṣe ohun kan náà, ìdákẹ́ sì ni ó ń tan èèyàn jẹ jù, nítorí ẹni tó dákẹ́ lè ka ọ̀rọ̀ náà sí ohun tó ti parí.

Ẹ má lo "ìgbà èwe" àti "ìgbà àgbà" títí ẹ ó fi kọ orí tó kẹ́yìn. Ní dípò wọn, ẹ kọ gbólóhùn báyìí: ní ọdún báyìí, fún olùgbọ́ báyìí, lórí ìbéèrè báyìí, ó ní báyìí, ní ọdún báyìí, lórí ìbéèrè kan náà, ó ní báyìí. Bí àyè kan bá ṣófo nínú gbólóhùn yẹn, ẹ yọ gbogbo rẹ̀ kúrò títí ẹ ó fi rí ohun tí ẹ ó fi dí i.

Nígbà tí mo ṣe bẹ́ẹ̀ sí iṣẹ́ tèmi lórí Hountondji, orí tí mo pè ní "Ìrònúpìwàdà", tó jẹ́ ojú ìwé méjìdínlógún, ṣẹ́kù mẹ́rin, orí ọ̀rọ̀ ìkọ̀wé àti ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì dá lé. Mo yí àkọlé rẹ̀ padà, mo sì lọ wá ojú ìwé tí wọ́n kò fi kún fọ́tòkọ́pì mi.